ÌBỌN ÀLÒKÙ: INÚ NI Ó TI Ń GBÓ, KÌ Í ṢE ÒDE

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ẹ má fòyà. Kì í ṣe ìbọn ogun, kì í ṣe ti adigunjalè. Ìbọn tó wà ní igun yàrá tàbí lókè àjà ní ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ni mo ń wí: ṣakabùlà tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tàbí ìbọn ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì, èyí tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kan ẹni tó ń lò ó nísinsìnyí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ọmọ ẹgbẹ́ kan bẹ̀bẹ̀ pé kí a yá òun lówó kí òun fi ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì àlòkù. Ọ̀yà ti sọ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ di ibùjẹ. Ẹnì kan bi í léèrè pé, "Ọdún mélòó ni ìbọn náà ti wà láyé?" Ó ní ó ti tó ogójì ọdún. Ni ìpàdé bá pín sí méjì. Àwọn kan ní ìbọn ogójì ọdún ti di arúgbó, kí a má fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò. Àwọn kejì ní irin kì í darúgbó, pé ìbọn àtijọ́ lágbára ju ti ìsinsìnyí lọ. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yíjú sí mi, nítorí pé ọmọ ọdẹ ni mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń pa ìbọn. Ohun tí a fi sílẹ̀ sínú rẹ̀ àti ohun tí a fi tipátipá kì sínú rẹ̀ ló ń pa á." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ ọgbọ́n náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jogún ṣakabùlà bàbá wa. Òkè àjà ilé ìdáná ni ó máa ń fi í sí. Èéfín ti mú kí òde rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ara ejò. Ẹni tó bá rí i yóò ní ìbọn gidi nìyí. Ní ọdún kan, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀yà ń gé àgbàdo rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀. Kò tún un kì, nítorí pé ó ti kì í sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó lọ dúró sí etí oko ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó yìn ín, ọta kò gba ẹnu ìbọn jáde. Ọ̀pá ìbọn ya níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà gan-an. Ìka méjì lọ. Èmi ni mo fi ẹ̀wù mi di ọwọ́ náà, tí mo gbé e sórí alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn. Títí di òní, ìka mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń di àdá mú ní ọwọ́ òsì.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ balẹ̀, a gbé àfọ́kù ìbọn náà lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan tó mọ iṣẹ́ yìí. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìka tọ́ etí irin tó ya, ó ní, "Ẹ wò ó." Inú irin náà ti rí gbágungbàgun, ìpáàrà ti jẹ ẹ́ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí páànù. Lẹ́yìn náà ó fi amọ̀ gbígbẹ hàn wá nítòsí ibi tó ti ya. Kòkòrò tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri ti wọ ẹnu ìbọn nígbà tó wà lókè àjà, ó ti kọ́lé sí i. Ẹ̀tù wà lẹ́yìn, amọ̀ wà níwájú, irin tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín. Bàbá ní, "Òde ni ẹ̀ ń nù, inú ni ìbọn ti ń gbó." Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

BÍ ÌBỌN ṢE Ń GBÓ

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a bá yin ṣakabùlà, ẹ̀tù kì í jó tán pátápátá. Ju ìdajì ìwọ̀n ẹ̀tù tí a kì ló ń ṣẹ́kù bí èéfín àti eérú, apá kan nínú rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Irú iyọ̀ kan wà nínú eérú yìí. Ẹ̀yin ìyá wa mọ bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ ní ìgbà òjò ṣe máa ń lómi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni eérú ẹ̀tù ṣe ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ìbọn tí a yìn lálẹ́ tí a kò fọ̀, ìpáàrà lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ inú rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ìpáàrà bá ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sínú irin, eérú á máa fara pamọ́ sínú ihò náà, ihò á sì máa jìn sí i.

Ìdí kejì ni àkìjù. Irin dà bí okùn. Bí a bá fà á níwọ̀nba, á padà sí bó ṣe wà. Bí a bá fà á kọjá agbára rẹ̀, kò ní padà mọ́. Ìbọn tí a ti kì ní àkìjù lẹ́ẹ̀kan lè má fọ́ lọ́jọ́ náà. Olówó rẹ̀ á ní, "Ṣé ẹ rí i pé kò ṣe é ní nǹkan kan?" Ṣùgbọ́n irin ti wú díẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìbọn ọgọ́ta ọdún tí a kò yìn púpọ̀, tí a sì ń fọ̀ dáadáa, lè sàn ju ìbọn ọdún márùn-ún tí a ń gbé sókè àjà pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Ẹ má bi ìbọn léèrè ọjọ́ orí. Ẹ bi í léèrè inú rẹ̀.

ÀYẸ̀WÒ ṢAKABÙLÀ

Ohun kìíní: ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀? Nígbà tí ìbọn bá ṣófo dájúdájú, ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gé àmì sára ọ̀pá náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbàkígbà tí ẹ bá ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ tí àmì kò wọlé dé ẹnu ìbọn, ẹ̀tù tàbí amọ̀ tàbí ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ má yọjú wo ẹnu ìbọn láé, ì báà jẹ́ pé ẹ dá a lójú pé ó ṣófo.

Ohun kejì: ọ̀pá ìbọn. Ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka fọwọ́ ra á láti ìdí títí dé ẹnu. Ìka á mọ ibi tó wú, ibi tó tẹ̀ àti ibi tó sán ju bí ojú ti mọ̀ ọ́n lọ. Ìbọn tó bá wú níbikíbi ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wé aṣọ funfun mọ́ orí ọ̀pá, kí ẹ fi nu inú rẹ̀. Bí aṣọ bá jáde ní dúdú, eérú ni, ẹ fọ̀ ọ́. Bí ó bá jáde ní pupa rúsúrúsú, ìpáàrà ni. Bí ó bá ń há tí ó sì ń fà ya, ihò ti wà nínú irin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ó tú ìdí ọ̀pá náà wò.

Ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tí a fi ṣe ọ̀pá náà. Púpọ̀ nínú ṣakabùlà tí a ń rí ní àyíká wa jẹ́ páìpù omi tàbí irin àlòkù ara mọ́tò. A kò ṣe páìpù omi láti gba agbára iná. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti ya.

Ohun kẹta: ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé bá ẹ̀tù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iná á máa jẹ ihò náà fẹ̀. Bí ó bá ti fẹ̀ jù, iná á máa tu padà sẹ́yìn sí ojú ẹni tó ń yìnbọn. Bí iná bá ti ń ta yín lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbọn ló ń kìlọ̀ fún yín.

Ohun kẹrin: irin tí a ń fà sẹ́yìn, tó máa ń ṣubú láti tanná ran ẹ̀tù. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní òòlù ìbọn. Ọ̀pọ̀ ìbọn ní ibi méjì tí òòlù lè dúró sí: ààbọ̀ ọ̀nà àti òpin ọ̀nà. Ààbọ̀ ni ibi ìsinmi. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, ẹ fà á dé ààbọ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì í síwájú, kí ẹ sì fa irin tí ìka ń fà láti yìnbọn. Kò gbọ́dọ̀ já. Bí ó bá já, eyín inú rẹ̀ ti jẹ, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló máa ń yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ gbòǹgbò lóko.

Ohun karùn-ún: igi ìbọn. Ẹ tú gbogbo okùn àti rọ́bà tí ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ wé mọ́ ọn. Abẹ́ okùn ni igi tó sán àti ibi tí ikán ti jẹ máa ń fara pamọ́ sí.

ÀYẸ̀WÒ ÌBỌN KÁTÍRÍÌJÌ

Ní ti ìbọn tí a ń ṣẹ́ sí méjì, ẹ ṣí i, ẹ yọ ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn sí ojú sánmà. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ bí dígí. Àwọn àmì dúdú wẹ́wẹ́ jẹ́ ihò ìpáàrà. Bí ẹ bá rí òjìji kan tó yí po bí òrùka, ọ̀pá ti wú níbẹ̀, ẹ má rà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ igi tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá, kí ẹ pa ìbọn dé. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Ìbọn tó le kì í dún, kì í sì í mì. Bí ó bá ń dún gbì-gbì, ibi tí ọ̀pá ti so kọ́ ara ìbọn ti jẹ. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ìdí ọ̀pá àti ara ìbọn, iná àti ooru lè gba ibẹ̀ jáde sí ojú yín.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀pá. Ìbọn àtijọ́ púpọ̀ ni a ṣe fún kátíríìjì íǹṣì méjì àbọ̀, èyí tí í ṣe mílímítà 65. Kátíríìjì tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ mílímítà 70. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó gùn yóò wọlé, ìbọn yóò sì pa dé láìṣe wàhálà, nítorí pé ìwọ̀n tí a kọ sára rẹ̀ ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti là. Nígbà tí a bá yìn ín ni ẹnu rẹ̀ á là sínú ibi tó fún, agbára tó yẹ kó jáde á dí, á sì padà sára irin tó ti gbó.

Ẹ má sì ṣe kó kátíríìjì nọ́ńbà 12 àti nọ́ńbà 20 sínú àpò kan náà. Nọ́ńbà 20 á yọ̀ wọ inú ọ̀pá nọ́ńbà 12, á há síwájú níbi tí ojú kò tó o. Ọdẹ á rò pé òun kò tíì kì í, á fi òmíràn sí i, á yìn ín. Nítorí ewu yìí ni wọ́n fi ń fi àwọ̀ ìyeyè sí ara nọ́ńbà 20.

Ọ̀pọ̀ ìbọn tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní èdìdì ilé àyẹ̀wò lára. Ti ìlú Birmingham ti wà láti ọdún 1813. Níbẹ̀, wọ́n ń fi agbára tó ju ti ojoojúmọ́ lọ yin ìbọn wò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Ó dára kí ìbọn ní èdìdì, ṣùgbọ́n bí ìbọn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú ni èdìdì ń sọ. Kò lè sọ bí ó ṣe rí lónìí.

ÌTỌ́JÚ ÀTI ÈÈWỌ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi kẹrosíìnì fọ ṣakabùlà. Kò tó. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú kẹrosíìnì, omi ló ń yọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín, ẹ rí i dájú pé ó ṣófo, kí ẹ da omi gbígbóná sínú rẹ̀ léraléra títí omi yóò fi jáde ní mímọ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí aṣọ kò fi ní tutù mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi epo máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ pa inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún fi aṣọ funfun wò ó. Kí ẹ tó tún un kì, ẹ nu epo náà kúrò.

Ẹ má gbé ìbọn tí a ti kì pamọ́. Ẹ fi èdídí aṣọ dí ẹnu ìbọn tó ṣófo nítorí kòkòrò, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ èdídí náà kí ẹ má bàa gbàgbé yọ ọ́. Ẹ má tú kátíríìjì kí ẹ da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù òyìnbó tí kì í rú èéfín lágbára ju ohun tí ṣakabùlà lè gbà lọ, yóò fọ́ ọ ni. Ẹ má gbé ọ̀pá tó sán lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà. Iná wẹ́dà á dí ojú sísán náà, ṣùgbọ́n á sọ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára.

Ẹ má gbàgbé òfin. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn lọ́wọ́ láìsí ìwé àṣẹ, ṣakabùlà pàápàá wà nínú rẹ̀. Ní ti ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, òfin náà kà á mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àlòkù rẹ̀ wá pé kí ẹ fi ṣọ́ oko, ẹ má bá a dá sí i. Kí ẹ tó ra ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí kí ẹ tó jogún rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́ WA ṢE PARÍ

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó náà ṣe já sí. Olówó ìbọn fúnra rẹ̀ gbé e wá pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Òde rẹ̀ dára, igi rẹ̀ ń dán. A wo inú rẹ̀, ó mọ́. Inú ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ń dùn. Nígbà tí a yọ igi ìsàlẹ̀ tí a mì í, gbogbo wa gbọ́ ọ: gbì-gbì. A gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yọ. A kò yá a lówó náà.

Inú bí i gidigidi. Ó ní, "Ẹ̀yin ti kórè tiyín. Ṣé kí ọ̀yà jẹ tèmi tán?" Òótọ́ ni ó sọ, nítorí náà ẹgbẹ́ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A bá a ro etí oko rẹ̀ yí ká kí ó fẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀yà kì í fẹ́ kọjá ní gbangba. A yá a ní owó tó kéré sí ti ìbọn láti fi ra ohun èlò ọgbà àti pàkúté. A sì bá ọdẹ kan nínú ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni tí ìbọn rẹ̀ yè kooro tí ìwé rẹ̀ sì pé, pé kí ó máa ṣọ́ oko gbogbo wa ní ìgbà tí ọ̀yà bá ń yọ wá lẹ́nu, kí a sì máa dá owó ọta fún un. Ìbọn kan tó dára láàárín ogún àgbẹ̀ sàn ju ogún ìbọn tó ti gbó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìpàdé náà. Nígbà tí àwọn kan ṣì ń kùn pé ìbọn tó ń dán bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, kò bá wọn jiyàn. Ó kàn gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Gbogbo ilé dákẹ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí ẹ bá dé ilé lónìí, ẹ gbé ìbọn yẹn sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí ènìyàn kò sí, ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá yè mọ́, ẹ kó o fún ọlọ́pàá, ẹ má tà á fún aládùúgbò yín. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀yà jẹ lọ́dún yìí, a lè tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.